Ìpara “Ọ̀gáníìkì” Tí Àbúrò Mi Fi Oṣù Mọ́kànlá Pa

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2023, agogo mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí ìyá mi kékeré fi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ọmọ òun dìde láti ṣe àlùwàlá, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tó fi ṣubú. Wọ́n ti bu omi sí i lójú, ó ti lajú, ṣùgbọ́n ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń bì, tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀. Kẹ́míìsì àdúgbò ti fún un ní oògùn ibà, wọ́n tún ti gún un ní abẹ́rẹ́ taífọ́ọ̀dù. “Ìwọ tó o kàwé oògùn, kí ni ká ṣe?” Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró dè mí.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun, kí n má sì sọ ilé ẹ̀kọ́ tí òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, Ìbàdàn sì ni gbogbo wa ń gbé. Apòògùn ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dúró lẹ́yìn káńtà. Ojú mi ni ohun tó ṣe é ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú mi ló ṣe dàgbà, n kò sì rí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ní ọsibítù

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi omi sí i lára. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, 80 lórí 50. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Wọ́n yẹ ibà wò, kò sí ibà. Dókítà kékeré tó kọ́kọ́ rí i ń béèrè bóyá ó lóyún, bóyá ó jẹ ohun tí kò dáa. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní ayé ni, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ni àwọn kan ti ń fojú burúkú wo òun.

Dókítà àgbà kan wọlé, obìnrin ni. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè nípa èébì. Ó gbé ọwọ́ àbúrò mi, ó wo oríkèé ìka rẹ̀, tó dúdú kirikiri nígbà tí ẹ̀yìn ọwọ́ pọ́n bí ọsàn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ abíyá. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ wà níbẹ̀, ó pọ́n bí ojú egbò, bí ẹni pé èékánná ẹranko ló ya á.

“Kí lo fi ń para?”

“Ọ̀gáníìkì ni, mà. Kò ní kẹ́míkà.”

“Ìgbà wo lo pa á kẹ́yìn?”

Ó ronú díẹ̀. “Ọjọ́ ọdún tuntun, mà. Ó ti tán. Ẹni tó ń tà á lọ sọ́dún nílé wọn, kò tíì dé.”

Dókítà náà yíjú sí nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wo cortisol, kí wọ́n sì gún un ní hydrocortisone lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de èsì. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tí a gbé wọlé bí aṣọ tó rẹ ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè ẹ̀kọ. Ọjọ́ Ajé ni èsì dé. Cortisol àárọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí. Lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó lé bí fìlà. Òun ló ń pèsè cortisol, èyí tí ara fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ dúró, tó fi ń pa ṣúgà mọ́, tó fi ń kojú àìsàn àti ìpayà. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, tí hydrocortisone jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, jọ cortisol yìí. Bí sítẹ́rọ́ìdì bá ń gba awọ wọlé lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ọpọlọ á rò pé èyí tó wà nílẹ̀ ti tó, á sì dẹ́kun àṣẹ tó ń pa fún ẹ̀yà kékeré náà. Ẹ̀yà náà á sùn. Ọjọ́ tí ìpara bá wá tán nínú ike, èyí tó ń ti òde wá kò sí mọ́, èyí tó yẹ kó ti inú wá kò tíì jí. Àárín méjèèjì ni àbúrò mi ṣubú sí.

Ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n kọ sára ike ìpara náà kò lè ṣe èyí. Ìbẹ́pẹ kò lè ṣe é, oyin kò lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú ike yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lọ béèrè.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Dúdú ni àbúrò mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá wa àgbà, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, kì í fi orúkọ pè é. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ó dú bí kóró iṣin, ó sì ń dán bí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tẹ̀lé e pọ́n bí bàbá wọn, àwọn àlejò tó bá wọlé á sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ọmọ pupa yẹn: “Òyìnbó, wá kí mi.” Kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan. Òun nìkan ló ń kà á. Ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé láti kékeré ni òun ti ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́.

Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, irorẹ́ ti fi àpá dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àpá yẹn nìkan ló ń wá oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ wá mọ ilé, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀rín sọ pé, “Ìyàwó wa dáa, kó kàn tún ara ṣe díẹ̀ kí fọ́tò lè gbé e.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún un ní nọ́ńbà ẹni tó ń po ìpara. Lórí WhatsApp ni ọjà náà wà: ojú kan náà lápá òsì àti lápá ọ̀tún, èyí dú, èyí pọ́n. Ike gíráàmù 500 jẹ́ ₦7,500, ọṣẹ tó bá a rìn jẹ́ ₦2,500. Wọ́n tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike: ata ilẹ̀ pupa, ìbẹ́pẹ, òróró kárọ́ọ̀tì, oyin, wàrà ewúrẹ́, òrí, kojic acid, arbutin. Wọ́n wá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé kò ní hydroquinone (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bóra), kò ní mákúrì, aláboyún àti ọmọdé lè lò ó. Nọ́ńbà NAFDAC kò sí níbẹ̀. Àdírẹ́sì kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò sí.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni àpá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ ń tàn, irorẹ́ kò yọ mọ́, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè ohun tó ń lò. Èmi náà rí i nígbà Iléyá ọdún yẹn, ní oṣù keje. Mo dì mọ́ ọn, mo ní, “Ara ti mọ́ o! Ìyàwó ti ń yọ lójú ẹ.” Ó ní ọ̀rọ̀ mi yẹn fi òun lọ́kàn balẹ̀: bí apòògùn ilé wa bá yìn ín, a jẹ́ pé kò sí ewu. Oṣù mẹ́fà mìíràn ló fi pa á lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí ewé lè ṣe

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé gbogbo ohun àdáyébá jẹ́ irọ́. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò ní gbà kí wọ́n fi orúkọ wọn bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀.

Mẹ́láníìnì ni ohun tó ń mú wa dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀ awọ ló ń ṣe é, ensáìmù tí wọ́n ń pè ní tyrosinase sì ni irinṣẹ́ wọn. Agboòrùn ara ni mẹ́láníìnì. Ó ń gba ìtànṣán oòrùn sára kó má baà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ohun tó bá fẹ́ sọ èèyàn di pupa lè dí tyrosinase lọ́wọ́, tàbí kó ba sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́, tàbí kó bó òkè awọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni awọ fi ń pààrọ̀ òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ohun tó bá ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dí tyrosinase lọ́wọ́, oṣù méjì sí mẹ́ta ni èèyàn á fi lò ó kó tó rí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí. Ọjọ́ mẹ́wàá tí ìpara yẹn fi ṣiṣẹ́ yẹ kó ti dẹ́rù bà wá.

Kojic acid wá látara irú ìhíhu kan tí àwọn ará Japan fi ń po ọtí ìrẹsì wọn. Ó ń gba bàbà tí tyrosinase fi ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àpá á sì fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ara àwọn kan yún, kó sì sú. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kó má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara ojú àti ti ọwọ́. Arbutin wà nínú ewé igi kan tó ń hù ní ilẹ̀ òtútù. Bí ẹ bá tú u wò, hydroquinone gan-an ni, tí a so mọ́ ṣúgà. Ẹni tó bá wá kọ “kò ní hydroquinone” àti “ó ní arbutin” sára ike kan náà, ó yẹ kó mọ ohun tó ń tà. Azelaic acid wà nínú ọkà bí bálì àti wíìtì; nínú gbogbo wọn, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ronú kàn fún àpá irorẹ́, nítorí ó ń bá irorẹ́ fúnra rẹ̀ jà, ó sì ń mú àpá fúyẹ́. Fítámìnì B3, tí wọ́n ń pè ní niacinamide, kì í dí ìpèsè mẹ́láníìnì. Gbígbé tí wọ́n ń gbé e lọ sí òkè awọ ló ń fà sẹ́yìn. Ata ilẹ̀ pupa ń kun èèyàn ni. Òróró kárọ́ọ̀tì náà ń kun èèyàn. Ìbẹ́pẹ tútù ní ohun tó ń jẹ òkú awọ kúrò, bí ó bá sì pọ̀ á jẹ ààyè mọ́ ọn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo máa ń bẹ àwọn èèyàn lórí rẹ̀ jù. Oje rẹ̀ ní ohun kan tó máa ń bínú bí oòrùn bá tàn sí i lára èèyàn. Obìnrin kan wá bá mi ní káńtà tó fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ kun ọrùn lọ sí ọjà lọ́sàn-án gangan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọrùn rẹ̀ ti lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, nígbà tó sì jinná, ibẹ̀ dú ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí kẹ́míkà ilé iṣẹ́ kankan nínú ohun tó pa.

Àwọn ìyá wa ní ìtọ́jú ara tiwọn. Wọ́n ń fi osùn kun ìyàwó àti ọmọ tuntun, wọ́n ń fi àdí àti òrí para, wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Osùn ń pọ́n lórí awọ, bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ á lọ. Kò bá àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ jà. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ pé òrí ló gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ọsibítù.

Àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, èyí tó dáa jù nínú wọn lè mú àpá fúyẹ́. Kò sí èyí tó lè sọ ẹni tó dú bí kóró iṣin di ẹni tó pọ́n bí epo, láti orí dé ẹsẹ̀, kí oṣù kan tó pé.

Àwọn àmì tí a túmọ̀ sí nǹkan mìíràn

Nígbà tí a jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká, tí dókítà ń béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó hàn pé ara ti ń pariwo tipẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni a ti rí orúkọ fún nínú ilé. Ojú rẹ̀ wú, ó yípo bí òṣùpá. A ní ìdùnnú ìyàwó ni. Ó sanra níkùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sanra. Wọ́n ní kó dín ẹ̀bà kù. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá fún oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ fura sí i, wọ́n tilẹ̀ bá a jà. Làpálàpá kan mú un ní itan, kò rí róbótó bí làpálàpá ṣe ń rí, ó tẹ́ rẹrẹ kiri, nítorí sítẹ́rọ́ìdì ti pa ìyún rẹ̀, kòkòrò tó fà á sì ń jẹun lọ lábẹ́lẹ̀. Ìlà pupa yọ ní itan, ní abíyá, ní ọmú. Iṣan ń hàn lábẹ́ awọ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Bódìjà, etí agbọ̀n onítòmátò họ ọ́ lápá, awọ ibẹ̀ sì ṣí bí ìwé tó tutù. Egbò yẹn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó san.

Ìdí tí àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fi máa ń bẹ̀rù ara tí wọ́n ti bó nìyẹn: sítẹ́rọ́ìdì ń mú awọ fẹ́lẹ́, ó ń fa ìjinná egbò sẹ́yìn, òwú kò sì rí ibi dì mú. Ẹ ro ti obìnrin tí wọ́n máa gbẹ̀bí fún nípa iṣẹ́ abẹ.

Lọ́dọ̀ ẹni tó po ó

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti ìyá mi kékeré lọ bá ẹni tó po ìpara náà. Ìyá mi kékeré ti di gèlè ìjà. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ ló ṣílẹ̀kùn, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ kí wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ó bú sẹ́kún. Ìpara yẹn náà ni òun ń pa. Ìlà yẹn náà wà lápá rẹ̀, ó fi hàn wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́, ₦35,000 ló san, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó so kọ́ sára ògiri.

Ó sọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ìpara funfun tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò lọ́jà ni ìpìlẹ̀. Wọ́n á fi òróró kárọ́ọ̀tì sí i kó lè pọ́n, wọ́n á fi páúdà kojic sí i, wọ́n á fi oyin sí i. Ó wá dákẹ́. Mo ní, “Túùbù ńkọ́?”

“Àǹtí, bí a kò bá fi túùbù sí i, kò ní gbé e. Ẹni tó rà á kò sì ní padà wá. Ọ̀gá mi ní òun ni iyọ̀ ọbẹ̀.”

Mẹ́wàá ló ń fi sí ìpara kílò kan, gíráàmù 30 nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, clobetasol ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣírò ó níbẹ̀, lẹ́yìn ìwé ìgbowó kan. Ike gíráàmù 500 tí àbúrò mi ń rà lóṣooṣù ní túùbù márùn-ún nínú. Oṣù mọ́kànlá, túùbù márùndínlọ́gọ́ta. Clobetasol wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì ìpara tó lágbára jù lọ láyé. Bí a ṣe ń fún aláìsàn ni pé kó fi í pa ojú ibi tí àrùn wà nìkan, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kó má sì kọjá gíráàmù 50 lọ́sẹ̀ kan. Àbúrò mi ń fi í para láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Pé wọ́n pò ó mọ́ ìpara mìíràn kò gbà á là, nítorí gbogbo ara ló ń mu ún.

Ìyá mi kékeré kò jà mọ́. Ó ní kí ọmọbìnrin náà gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó ká aṣọ ọmọ sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá ó ń fi í pa ọmọ náà. Ó ní rárá, òrí ni òun fi ń pa á. Ìyá mi kékeré jókòó, ó mí kanlẹ̀.

Èmi kò lè bínú sí i. Nígbà tí mo ṣì ń gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìwé dókítà kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó wá ra túùbù yẹn, a sì ń tà á fún wọn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ka ogún túùbù sínú láílọ́ọ̀nù fún obìnrin kan. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí làpálàpá rẹ̀ gba ogún túùbù. N kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, èmi gan-an sì wà lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe sítẹ́rọ́ìdì nìkan ni wọ́n ń fi sínú irú ìpara báyìí. Àwọn kan ń fi hydroquinone sí i láìwọ̀n ọ́n. Bí ó bá pẹ́ lára, ó lè yí padà kí ó fi àwọ̀ tó dú bí aró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí kì í fẹ́ lọ mọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1975, nígbà tó sì di 1990, ìjọba ibẹ̀ fòfin de gbogbo ìpara ìbóra. Ghana kò gbà á nínú ìpara mọ́ láti 2016. Ní Nàìjíríà, NAFDAC ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ta ni ń wọ̀n ọ́n nínú ilé tí wọ́n ti ń fi síbí pò ó? Mákúrì ló burú jù, kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ó sì lè ti ara ìyá bá ọmọ inú. Bí ẹ bá rí calomel, mercurous chloride tàbí mercuric lára ike, tàbí tí wọ́n ní kí ìpara má fara kan wúrà àti fàdákà, ẹ gbé e sílẹ̀. Dókítà wa yẹ ìtọ̀ àbúrò mi wò nítorí èyí. Kíndìnrín rẹ̀ yè.

Bí àwọ̀ ṣe padà

Wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú hydrocortisone oníhóró, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ já a lójijì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó le jù. Ojú rẹ̀ ń jó o bí ata, ó pọ́n, ó bó, irorẹ́ tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà méjì ló pè mí lóru pé òun fẹ́ wá ìpara náà, díẹ̀ péré, kí iná náà lè rọ̀. Mo lọ sùn tì í lẹ́ẹ̀mejèèjì. Omi tútù àti òrí la fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àárín ìgbà yẹn, ní oṣù kejì ọdún 2023, ni ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde pé bíbó ara ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera ní Nàìjíríà. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011, wọ́n ní obìnrin 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, àti 59 nínú ọgọ́rùn-ún ní Togo, ló ń lo ìpara tó ń sọ ara di pupa. Mo rò pé iye Nàìjíríà yẹn ga ju ohun tí mo ń fi ojú rí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi ka ìròyìn náà lórí fóònù, ohun tó sọ ni pé, “Àǹtí, kò sí ẹni tó máa dáhùn ‘bẹ́ẹ̀ ni’ nínú wọn. Èmi kì bá ti dáhùn. Mo gbà pé mi ò bóra, mo ń lo ọ̀gáníìkì ni.”

Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbé kiri. Láti ìgbà náà, n kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní káńtà bóyá ó ń bóra. Mo máa ń ní kó gbé ike rẹ̀ wá. Bí ó bá ti ń pa á fún oṣù púpọ̀, n kì í sọ pé kó gbé e jù nù lọ́jọ́ yẹn. Mo ń kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ cortisol rẹ̀ wò kó tó dá a dúró. Bí ó bá sì ti já a, tó ń bì, tí òyì ń kọ́ ọ, ọsibítù ni, kì í ṣe oògùn ibà.

Oṣù kẹta ọdún 2024 ni dókítà tó ní kó má lo hóró náà mọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́rìnlá tí ẹ̀yà kékeré orí kíndìnrín yẹn fi jí. Ìwọ̀n ara rẹ̀ wálẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ padà. Dúdú rẹ̀ padà, ojú ló kọ́kọ́ dé. Ìlà itan àti ti abíyá kò lọ, wọ́n kàn di funfun ni. Azelaic acid àti ìpara tó ń dí oòrùn ni a fi tọ́jú àpá irorẹ́ tó tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló gbà, ó fúyẹ́, kò tán pátápátá.

Wọ́n ti sún ìgbéyàwó láti oṣù karùn-ún sí oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìgì, èmi ni mo wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó wá kun ojú rẹ̀ ṣí àpótí, ó mú páúdà kan tó pọ́n fíìfíì, ó ní èyí ni fọ́tò máa gbé. Àbúrò mi ní rárá, kó wá èyí tó bá ọrùn òun mu. Ọmọbìnrin náà wá a títí, kò rí i. Àbúrò mi wá fa pọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde, ó mú páúdà tirẹ̀ tó ti rà sílẹ̀, ìwé kékeré tí dókítà kọ fún un sì bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e: *Mò ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Bí mo bá dákú, ẹ fún mi ní hydrocortisone.* Mo ṣà á nílẹ̀, mo dá a padà sínú pọ́ọ̀sì, mo sì dì í.